Nígbà tí Táíwò àti Kẹ́hìndé bá ń lo ibi ọmọ kan ṣoṣo: Iṣẹ́ abẹ lésà tó ń gba ẹ̀mí ìbejì là nínú ilé ọmọ

Kò jọ pé ẹ̀yà mìíràn wà láyé tí ọ̀rọ̀ ìbejì mọ́ lára tó Yorùbá. Láàárín àwọn ọdún 1960 sí 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Percy Nylander, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, ṣe ìwádìí ọlọ́jọ́ pípẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó rí ní ìlú Igbó-Ọrà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni pé nínú ìbí 1,000, nǹkan bíi 45 ló ń jẹ́ ìbejì, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù kò rí ju bíi 10 sí 12 lọ lásìkò náà. Àwọn ará Igbó-Ọrà gbà pé ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà tí wọ́n ń jẹ ló fà á.

Bóyá ìlasa ni o, bóyá òun kọ́, ohun kan dájú. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìbejì tí Yorùbá ń bí, ìbejì ẹlẹ́yin méjì ni. Obìnrin náà yóò sọ ẹyin méjì sílẹ̀ lóṣù kan náà, àtọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò sì bá wọn pàdé. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ọkùnrin kan, obìnrin kan, wọn kì í sì í jọra ju bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ṣe ń jọra lọ. Ìbejì kejì ni èyí tí ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì lẹ́yìn tí àtọ̀ ti wọ inú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń jọra débi pé ìyá tó bí wọn gan-an lè ṣì wọ́n pè. Tiwọn kò mọ ẹ̀yà, kò sì mọ oúnjẹ. Ní Ìbàdàn o, ní London o, ní Tokyo o, nǹkan bíi mẹ́rin ni wọ́n ń rí nínú ìbí 1,000. Ọ̀dọ̀ ìbejì ẹlẹ́yin kan yìí ni àìsàn tí iṣẹ́ abẹ lésà wà fún ti máa ń wáyé.

Ọjọ́ tí ẹyin náà pín ló máa ń sọ bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe rí. Bó bá pín láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ní ibi tirẹ̀ àti àpò omi tirẹ̀. Bó bá jẹ́ láàárín ọjọ́ kẹrin sí ìkẹjọ, àpò omi wọn yóò jẹ́ méjì, ṣùgbọ́n ibi ọmọ kan ni wọn yóò jọ máa lò. Bó bá tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú àpò omi kan náà ni wọn yóò wà. Bó bá sì kọjá nǹkan bíi ọjọ́ kẹtàlá, ìgbà náà ni wọ́n ń bí ìbejì tó lẹ̀ mọ́ra. Nǹkan bíi méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìbejì ẹlẹ́yin kan ló jẹ́ oníbi kan.

Ibi ọmọ yìí ni èyí tó máa ń tẹ̀lé ọmọ jáde, tí àwọn àgbà ilé máa ń sin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Kó tó di pé wọ́n sin ín, iṣẹ́ ńlá ló ti ṣe. Òun ló ń gba oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ọmọ gba inú okùn ìwọ́, òun náà ló sì ń kó ìdọ̀tí ara ọmọ padà. Níbi tí ọmọ méjì bá ti jọ ń lo ẹyọ kan, iṣan ẹ̀jẹ̀ Táíwò máa ń já sínú ti Kẹ́hìndé, ti Kẹ́hìndé náà a sì máa já sínú ti Táíwò. Oníṣègùn ará Jámánì kan, Friedrich Schatz, ti kọ̀wé lórí àwọn oríta ẹ̀jẹ̀ yìí láti ọdún 1882. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìbejì oníbi kan ló ní wọn, kò sì sí ohun tó ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ bára mu. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń lọ tí kò padà bọ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́rin ni àwọn dókítà fi ń pe àìsàn náà: TTTS. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ọmọ kan ń fa ẹ̀jẹ̀ sí ìkejì lára. Nínú oyún ìbejì oníbi kan 100, ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí bíi 10 sí 15, láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 26 ló sì máa ń fojú hàn jù.

Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ lára rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní olùfúnni. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò tó o, kíndìnrín rẹ̀ kò ní lè ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì ní í tọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ̀ pé láti bíi oṣù kẹrin oyún, ìtọ̀ ọmọ fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú omi tó yí i ká. Bí olùfúnni kò bá ti tọ̀, omi àpò rẹ̀ yóò gbẹ, awọ àpò náà yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ọ̀rá tí wọ́n fi di mọ́ínmọ́ín, débi pé kò ní lè yíra padà. Ìkejì, tí wọ́n ń pè ní olùgbà, ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ju èyí tí ara rẹ̀ lè gbà lọ. Òun ń tọ̀ ṣáá ni, omi àpò rẹ̀ ń kún sí i, ọkàn rẹ̀ sì ń ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá rò pé ti olùgbà sàn nítorí pé òun ló ń jẹ èrè, àṣìrò ni. Ọkàn rẹ̀ lè daṣẹ́ sílẹ̀ kó sì ṣáájú ẹnìkejì rẹ̀ lọ.

Bí àìsàn yìí bá le tí kò sì sí ìtọ́jú, ó kéré tán mẹ́jọ nínú mẹ́wàá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kì í yè. Ikú ọ̀kan kì í sì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Oríta ẹ̀jẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí, ẹ̀jẹ̀ èyí tó wà láàyè lè ya lọ sára èyí tó ti kú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyẹn lè pa òun náà, ó sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

Kí ni ìyá máa ń rí? Ikùn tó ń yọ jáde kíákíá, láàárín ọjọ́ mélòó kan, tó sì le gbandi bí ìlù. Èémí rẹ̀ lè máa kúrú, kò ní lè sùn gbalaja, inú lè máa sún un kì bí ẹni tó fẹ́ rọbí. Ibi tí ewu wà nìyí, nítorí pé àwọn ará ilé lè máa yọ̀ sí ohun tó yẹ kó lé wọn lọ sí ọsibítù. Wọn á ní ìbejì ló wà níbẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní í tóbi. Bí ọmọ bá sì wá bọ́ lára, ọ̀rọ̀ a di ti ayé, tàbí ti àbíkú. Kò sí ohun tí ìyá jẹ tàbí tí kò jẹ tó ń fa TTTS, kì í ṣe àrùn ìdílé, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe pín ara wọn sínú ibi ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún ló fà á.

Kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, skáànì lè ti sọ ẹni tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ 11 sí 14, ẹni tó mọ skáànì yẹ̀ wò yóò wo ibi tí awọ tó la àárín àpò méjèèjì ti so mọ́ ibi ọmọ. Bí ìdí awọ náà bá nípọn bí igun mẹ́ta kékeré, ibi méjì ló wà níbẹ̀. Bó bá fẹ́lẹ́, tó sì dúró gangan lórí ibi ọmọ bíi lẹ́tà T, oníbi kan ni wọ́n. Bí oyún bá ti dàgbà, àmì yìí a máa ṣòro rí, ìdí nìyẹn tí skáànì tí obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ní oṣù keje kò fi lè dáhùn ìbéèrè náà dáadáa.

Ìlànà tí àwọn oníṣègùn ń tẹ̀lé káàkiri ni pé kí ìyá ìbejì oníbi kan máa ṣe skáànì lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì láti ọ̀sẹ̀ 16. Omi àpò méjèèjì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wọ̀n. Bí ibi tí omi olùfúnni ti jìn jù lọ kò bá tó sẹ̀ntímítà 2, tí ti olùgbà sì ju 8 lọ, TTTS ti wọlé nìyẹn. Ní 1999, Dókítà Ruben Quintero, ní Amẹ́ríkà, pín àìsàn náà sí ìpele márùn-ún, bẹ̀rẹ̀ láti orí omi tí kò dọ́gba títí dé ìpele karùn-ún tí ọmọ kan tàbí méjèèjì ti kú. Ìpín yìí ni wọ́n ṣì ń lò, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìsàn náà ń gùn ún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí àtẹ̀gùn. Ó lè fo ìpele kan láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan.

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Àwòrán kan wà tí wọ́n yà ní ìlú Amsterdam ní 1617, tó ṣàfihàn ọmọ tuntun méjì tí wọ́n fi aṣọ wé. Ọ̀kan funfun bíi bébà, ìkejì pọ́n kọjá bó ṣe yẹ. Àwọn oníṣègùn òde òní tó wo àwòrán náà gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìbejì tó fẹ̀jẹ̀ fún ara wọn ni wọ́n yà síbẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ yìí wé ti Ísọ̀ àti Jékọ́bù, nítorí pé Bíbélì ní pupa ni Ísọ̀ jáde wá. Ìyẹn ṣòro gbà díẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé onírun lára ni ọ̀kan, tí ara ìkejì sì ń dán. Ẹlẹ́yin méjì ni irú ìbejì bẹ́ẹ̀ jọ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun kan ṣoṣo tí dókítà lè ṣe ni kí ó fi abẹ́rẹ́ gígùn fa omi tó pọ̀ jù nínú àpò olùgbà, kí ìyá lè mí, kí ọmọ má sì tètè bọ́. Omi náà a tún kún, wọn a tún fà á. Ìtọ́jú ọmọ nínú ilé ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà: William Liley fi ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ inú oyún lára ní New Zealand ní 1963, Michael Harrison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ inú oyún ní San Francisco ní 1981. Ṣùgbọ́n inú ibi ọmọ ni àìsàn ti TTTS wà, kò sí lára ọmọ kankan nínú àwọn méjèèjì. Dókítà Julian De Lia, ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ fi ìtànṣán lésà jó àwọn oríta ẹ̀jẹ̀ náà pa ní 1988, ó sì gbé ìròyìn obìnrin mẹ́ta tó kọ́kọ́ ṣe é fún jáde ní 1990. Nígbà náà, wọ́n ṣì ní láti la ikùn ìyá kí wọ́n tó dé ilé ọmọ. Yves Ville, Kypros Nicolaides àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ọsibítù King's College ní London ló mú kó ṣeé gba awọ ikùn kọjá láìla á, wọ́n sì tẹ èsì oyún 45 jáde ní 1995.

Síbẹ̀, iyàn pọ̀. Àwọn dókítà kan ní omi fífà ti tó, àti pé kò sídìí tí wọ́n fi ń ti iná bọ inú ilé ọmọ. Ìwádìí tí wọ́n pè ní Eurofoetus, tí Marie-Victoire Senat, Ville àti àwọn yòókù gbé jáde ní 2004, ló parí iyàn náà. Aláboyún 142 ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú: wọ́n ṣe lésà fún 72, wọ́n fa omi fún 70. Nínú 100 ìyá tí wọ́n ṣe lésà fún, 76 ló ní ó kéré tán ọmọ kan tó wà láàyè lẹ́yìn ọjọ́ 28. Nínú 100 tí wọ́n fa omi fún, 56 ni. Àwọn ọmọ tí ìpalára irú kan hàn nínú ọpọlọ wọn jẹ́ 6 nínú 100 lọ́dọ̀ àwọn ti lésà, 14 lọ́dọ̀ àwọn ti omi. Àǹfààní náà hàn kedere tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dá ìwádìí náà dúró kí iye àwọn ìyá tí wọ́n fẹ́ tó pé. Láti ìgbà náà ni lésà ti di ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún TTTS tó bá ti kọjá ìpele kìíní. Lóde òní, ní àwọn ilé-ìwòsàn tó ti mọ iṣẹ́ náà dunjú, ó kéré tán ọmọ kan máa ń yè nínú bíi 85 sí 90 nínú 100 irú oyún bẹ́ẹ̀, méjèèjì sì máa ń yè nínú èyí tó ju ìdajì lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ìyá á là sílẹ̀. Wọn á gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa ibi kan lára kú, nígbà mìíràn wọ́n á fi èyí tó ń mú ara balẹ̀ kún un. Skáànì ni wọ́n fi ń wá ojú ọ̀nà, kí wọ́n má bàa gún ibi ọmọ. Nígbà náà ni wọ́n á ti ọ̀pá oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí kò fẹ̀ ju mílímítà 2 sí 3 tàbí díẹ̀ lé, gba awọ ikùn wọ inú àpò olùgbà. Òun ni wọ́n ń yàn nítorí pé ibẹ̀ ni omi pọ̀ sí tí wọ́n á fi rí ọ̀nà. Kámẹ́rà kékeré yóò gba inú ọ̀pá náà wọlé, okùn gíláàsì tín-ín-rín tó gbé ìtànṣán lésà yóò sì tẹ̀ lé e.

Lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tó wà níwájú rẹ̀, dókítà yóò rí ojú ibi ọmọ bí ilẹ̀ tí odò pọ̀ sí. Yóò máa tọ iṣan kọ̀ọ̀kan láti ìdí okùn ìwọ́ Táíwò títí yóò fi rí ibi tó ti pàdé ti Kẹ́hìndé. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ibi ọmọ ṣókùnkùn díẹ̀ ju èyí tó ń gbé e bọ̀ lọ, nítorí pé inú ibi ọmọ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń rí afẹ́fẹ́. Àwọ̀ yìí ló fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Oríta tó bá rí, yóò tan lésà sí i, iṣan náà yóò sì funfun, yóò sì dí. Bó bá parí, yóò fa omi tó pọ̀ jù dànù gba inú ọ̀pá kan náà, yóò sì yọ ọ́. Iṣẹ́ náà kì í sábà ju wákàtí kan lọ. Bí wọ́n bá ti ṣe é tán, ibi ọmọ kan ti di méjì nìyẹn: ṣe ni ó dà bí ilé tí wọ́n mọ ògiri sí láàárín, tí oníkálukú wá ń dá iná tirẹ̀.

Ìṣòro tó kù ni àwọn oríta kéékèèké tí ojú kò rí. Nítorí wọn ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Solomon, orúkọ tí yóò rán ẹni tó bá ka Bíbélì létí ọba tó ní kí wọ́n la ọmọ sí méjì. Lẹ́yìn tí dókítà bá ti jó àwọn oríta tó rí, yóò tún fi lésà fa ìlà kan láti etí ibi ọmọ kan dé etí kejì. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí aláboyún 274 ní Yúróòpù, tó jáde ní 2014, fi hàn pé ọ̀nà yìí mú kí àìsàn náà má padà wá: 1 nínú 100 ló padà sí lára, dípò 7.

Kò sí iṣẹ́ abẹ tí kò ní ewu tirẹ̀. Àpò omi lè ya kí ọjọ́ tó pé, ìrọbí lè bẹ̀rẹ̀, kòkòrò lè wọlé, ọmọ kan sì lè kú lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó bá yè ni wọ́n ń bí ní bíi ọ̀sẹ̀ 32 sí 33, tí wọ́n sì ń nílò ìtọ́jú àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Nǹkan bíi ọ̀kan nínú mẹ́wàá wọn ló máa ń ní ìṣòro tó jẹ mọ́ ọpọlọ tàbí iṣan ara bí wọ́n ti ń dàgbà. Dókítà tó bá mọṣẹ́ máa ń sọ gbogbo èyí fún bàbá àti ìyá kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé.

Ó yẹ kí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí irú èyí tó gba ìròyìn kan ní Nàìjíríà ní 2016. Ọmọ Yorùbá kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúyínká Olútóyè, tó gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ní 1988, wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ inú oyún ọ̀sẹ̀ 23 ní Texas Children's Hospital ní Houston. Wọ́n la ilé ọmọ, wọ́n gbé ọmọ náà síta, wọ́n gé kókó ńlá tó wà ní ìdí rẹ̀ kúrò, wọ́n dá a padà, oyún náà sì tún lo bíi ọ̀sẹ̀ 12 kí wọ́n tó bí i. Ti lésà kò gba kí wọ́n gbé ọmọ kankan jáde, kò sì gba kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ọmọ lára.

TTTS nìkan kọ́ ni àìsàn tó ń yọ ìbejì oníbi kan lẹ́nu. Ọ̀kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀ gba oríta tín-ín-rín láìjẹ́ pé omi àpò yí padà. Àwọn dókítà ìlú Leiden, ní Netherlands, ló fún un lórúkọ TAPS ní nǹkan bíi 2006. Omi wíwọ̀n nìkan kò lè fi í hàn, àfi kí skáànì wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára sí nínú ọpọlọ ọmọ. Òmíràn tó ṣọ̀wọ́n ni ti ìbejì tí ọ̀kan kò ní ọkàn rárá, tó jẹ́ pé ọkàn èkejì ló ń fún àwọn méjèèjì lẹ́jẹ̀. Ní tirẹ̀, ṣe ni wọ́n máa ń dí iṣan èyí tí kò ní ọkàn, kí ti èkejì má bàa rẹ̀.

Ọdún 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, dámọ̀ràn pé kí aláboyún kọ̀ọ̀kan ṣe skáànì ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Fún oyún ọmọ kan, ìyẹn lè tó. Fún ìbejì oníbi kan, kò tó, nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ 24, àkókò tí lésà fi lè ṣiṣẹ́ ti fẹ́ lọ tán, àmì T náà sì ti lè sọnù. Skáànì oṣù kẹta ló ṣe kókó fún ìyá ìbejì, ìbéèrè kan sì wà tó yẹ kí ó bi ẹni tó ṣe é fún un kí ó tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì: ṣé ibi ọmọ kan ni wọ́n jọ ń lò, àbí méjì? Kí ó rí i pé wọ́n kọ ìdáhùn náà sínú ìwé. Ìwé tó kàn kọ ọ́ pé ọmọ méjì ló wà níbẹ̀, ọkàn méjèèjì sì ń lù, kò tíì sọ ohun tó yẹ kó sọ.

Agbẹ̀bí tàbí nọ́ọ̀sì tó bá rí ìyá ìbejì tí ikùn rẹ̀ ṣàdédé yọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ dá a padà sílé pẹ̀lú oògùn ara ríro. Ọsibítù tó ní dókítà aláboyún àti skáànì tó dára ni kó darí rẹ̀ sí lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ lésà kò sí ní ọsibítù gbogbo, àwọn ilé-ìwòsàn díẹ̀ tó ní irinṣẹ́ àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn nìkan ló ń ṣe é. Níbi tí ọ̀nà bá ti jìn jù, omi fífà ṣì lè ra ọjọ́ díẹ̀ sí i, abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ gbó sì wà fún ìgbà tí ó bá di dandan láti tètè bí wọn. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ìyá lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe lésà, ìwé tó bá a lọ gbọ́dọ̀ sọ iye ọ̀sẹ̀ oyún, bóyá ibi kan ni tàbí méjì, bí omi àpò kọ̀ọ̀kan ṣe jìn tó ní sẹ̀ntímítà, bóyá wọ́n rí àpò ìtọ̀ olùfúnni, àti bí ọrùn ilé ọmọ ṣe gùn tó.